Miss Saigon: àwo orin àwọn òṣèré àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù

Àwo orin àwọn òṣèré àkọ́kọ́ ti Miss Saigon ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ìgbàsílẹ̀ àwọn orin inú eré orí ìtàgé Miss Saigon, gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣèré tí ó kọ́kọ́ ṣe é ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1989 ṣe kọ wọ́n. Àwo méjì ni, ó sì jáde ní ọdún 1990. Claude-Michel Schönberg, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣẹ̀dá ohùn àwọn orin náà. Alain Boublil àti Richard Maltby Jr. ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wọn. Eré náà sọ ìtàn ìfẹ́ tí ó wà láàárín Kim, ọmọbìnrin Vietnam kan, àti Chris, ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ní àwọn ọjọ́ ìkẹyìn Ogun Vietnam. Ikú Kim ni ó parí rẹ̀.

Yàtọ̀ sí pé àwo yìí jẹ́ ohun ìgbádùn fún àwọn olólùfẹ́ orin, ó tún jẹ́ ẹ̀rí ìtàn. Ìdí méjì ni ó fi rí bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé orin ni wọ́n fi sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú eré náà, nítorí náà ẹni tí kò wo eré lè tipasẹ̀ àwo mọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èkejì ni pé àwọn tí ó ni eré náà ti yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà nínú rẹ̀ láti ìgbà náà wá, àmọ́ àwo ọdún 1990 kò yí padà. Ohun tí ó dára àti ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú eré náà ní ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà.

Ohun tí a ń pè ní àwo orin òṣèré

Àwo orin òṣèré ni ìgbàsílẹ̀ tí àwọn òṣèré eré olórin kan ṣe fún àwọn orin inú eré náà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ojú agbo níwájú òǹwòran ni wọ́n ti ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Àwọn òṣèré àti àwọn tí ń lo ohun èlò orin máa ń lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀, wọn a sì kọ àwọn orin náà láìsí aṣọ eré, láìsí iná ìtàgé, láìsí ijó. Ohun tí ojú ń rí kò sí níbẹ̀ mọ́; ohùn nìkan ni ó gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ní Amẹ́ríkà, àwo eré Oklahoma!, tí ilé iṣẹ́ Decca gbé jáde ní 1943, wà lára ohun tí ó sọ àṣà yìí di èyí tí ó gbilẹ̀.

Irú àwo bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwo tí olórin kan ṣe fún ara rẹ̀. Bí ìtàn ṣe tẹ̀ léra ni orin inú rẹ̀ ṣe tẹ̀ léra. Ẹni tí ó bá ń fo láti orin kan sí òmíràn yóò gbọ́ ohùn dídùn, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìdí tí ẹni tí ń kọrin fi ń sunkún.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ eré náà

Schönberg àti Boublil ti gbajúmọ̀ ṣáájú nítorí eré Les Misérables. Ní ọdún 1985, Schönberg rí àwòrán kan nínú ìwé ìròyìn. Nínú àwòrán náà, ìyá kan ní Vietnam ń dágbére fún ọmọ rẹ̀ obìnrin ní pápákọ̀ òfuurufú. Ọmọ náà ń lọ bá baba rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ẹni tí ó ti ṣe ọmọ ogun ní Vietnam nígbà kan rí. Ìyá náà kò ní bá a lọ. Ohun tí ìyá yìí yọ̀ǹda nítorí ọmọ rẹ̀ ni irúgbìn tí Miss Saigon ti hù.

Àwọn òǹkọ̀wé náà so àwòrán yìí pọ̀ mọ́ ìtàn Madama Butterfly, ọ́pẹ́rà tí Giacomo Puccini ṣe, tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní ìlú Milan, ní Ítálì, ní ọdún 1904. Nínú ọ́pẹ́rà náà, ọ̀gá kan nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fẹ́ ọmọbìnrin Japan kan, ó sì fi í sílẹ̀ lọ. Nígbà tí ó padà dé, aya mìíràn ni ó mú wá. Ìyá ọmọ náà gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Miss Saigon gbé ìtàn yìí lọ sí Vietnam, ó sì yí kókó kan padà: kì í ṣe ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni ó ya Chris àti Kim, bí kò ṣe ogun. Nítorí náà ni ẹ̀bi inú eré náà kò fi rọrùn láti dì lé ẹnì kan ṣoṣo lórí.

Cameron Mackintosh ni agbátẹrù eré náà, Nicholas Hytner sì ni olùdarí rẹ̀. Wọ́n ṣí i ní gbọ̀ngàn Theatre Royal, Drury Lane, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1989, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1999. Ó dé Broadway ní New York ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1991, ó sì parí níbẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2001. Ní ìlú méjèèjì, ìgbà tí wọ́n ṣe é lé ní 4,000.

Ìtàn inú eré náà

Oṣù Kẹrin ọdún 1975 ni ìtàn bẹ̀rẹ̀, ní ìlú Saigon. Ogun ti pa òbí Kim, ọmọ ọdún 17, ó sì sá wá sí ìlú láti ìgbèríko. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Engineer mú un wọ ilé ọtí rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń fowó ra àwọn obìnrin. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé Chris. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, àwọn ọmọbìnrin ilé ọtí sì ṣe ètò ìgbéyàwó fún wọn. Thuy, ìbátan Kim, tí àwọn òbí ti ṣèlérí pé yóò fẹ́ ẹ, dé bá wọn, ó sì bínú lọ.

Lẹ́yìn èyí, eré náà fo ọdún mẹ́ta. Ní ọdún 1978, Saigon ti di Ìlú Ho Chi Minh, Thuy sì ti di ọ̀gá nínú ìjọba tuntun. Ó wá Kim rí, ó sì ń fẹ́ kí ó di aya òun. Kim fi ọmọ tí ó bí fún Chris hàn án, ọmọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tam. Nígbà tí Thuy fẹ́ pa ọmọ náà, Kim yìnbọn fún un. Òun, ọmọ rẹ̀ àti Engineer sì sá lọ sí Bangkok, ní ilẹ̀ Thailand.

Chris, ní tirẹ̀, ti fẹ́ Ellen ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí John, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sọ fún un pé Kim wà láàyè àti pé ó bímọ fún un, wọ́n jọ lọ sí Bangkok. Ellen ni Kim kọ́kọ́ bá pàdé. Kim rí i pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láàyè, wọn kò ní mú ọmọ òun lọ sí Amẹ́ríkà. Ó yìnbọn pa ara rẹ̀.

Àwọn tí ó kọrin nínú àwo náà

Lea Salonga ni Kim. Ọmọ orílẹ̀-èdè Philippines ni, ìlú Manila ni àwọn olùdarí eré náà sì ti rí i nígbà tí wọ́n ń wá òṣèré. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Jonathan Pryce, ọmọ Wales, ni Engineer. Simon Bowman ni Chris. Claire Moore ni Ellen. Peter Polycarpou ni John. Keith Burns ni Thuy. Isay Alvarez, tí òun náà wá láti Philippines, ni Gigi, ọ̀kan lára àwọn obìnrin ilé ọtí.

Salonga àti Pryce gba ẹ̀bùn Olivier ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì tún gba ẹ̀bùn Tony ní New York ní 1991 fún ipa kan náà. Lẹ́yìn náà ni Salonga kọ orin Jasmine nínú fíìmù Aladdin ti ọdún 1992 àti orin Mulan nínú fíìmù Mulan ti ọdún 1998.

Bí àwo náà ṣe ń sọ ìtàn

William D. Brohn ni ó pín orin náà fún àwọn ohun èlò. Ó pa àwọn ohun èlò ilẹ̀ Yúróòpù pọ̀ mọ́ fèrè àti ohun èlò ìlù láti Éṣíà. Ìgbà tí Kim àti Chris bá wà pọ̀ nínú yàrá ni a sábà máa ń gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́. Ariwo sì ni ti ilé ọtí àti ti ìyíde àwọn ọmọ ogun ìjọba tuntun.

Orin kan tí ó fi hàn bí àwo ṣe lè sọ ohun tí ó ju ohun tí ojú ń rí lọ ni «I Still Believe». Obìnrin méjì ni ó ń kọ ọ́: Kim ní Vietnam, Ellen ní Amẹ́ríkà. Wọn kò mọ ara wọn. Ọkùnrin kan náà ni wọ́n ń kọrin nípa rẹ̀, ọ̀kan pẹ̀lú ìdánilójú pé yóò padà wá, èkejì pẹ̀lú ìbẹ̀rù nítorí àṣírí tí ó mọ̀ pé ọkọ òun ń pa mọ́. Lórí ìtàgé, òǹwòran rí i pé ibi tí wọ́n wà jìnnà síra. Nínú àwo, ohùn méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú etí olùgbọ́. Etí ti gbọ́ ìpàdé wọn kí ìtàn náà tó mú wọn pàdé.

Olùgbọ́ tuntun ní láti mọ̀ pé ìtàn inú àwo kò tẹ̀ lé ọjọ́. Ìṣubú Saigon, ní ọjọ́ 29 àti 30 oṣù Kẹrin ọdún 1975, kò sí ní apá kìíní níbi tí a ti lè retí rẹ̀. Ní apá kejì ni ó ti wáyé, gẹ́gẹ́ bí àlá búburú tí Kim lá ní Bangkok. Lórí ìtàgé, ibí yìí ni hẹlikọ́pítà ti ń balẹ̀ láti kó àwọn tí ó kù ní ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà, ó sì jẹ́ ìran tí gbogbo ènìyàn ń sọ nípa rẹ̀. Nínú àwo, hẹlikọ́pítà kò sí fún ojú láti rí. Ohun tí ó kù ni ariwo rẹ̀, igbe àwọn tí ó wà lẹ́yìn ògiri, àti orúkọ Kim àti ti Chris tí wọ́n ń pe ara wọn láìrí ara wọn.

«Bui Doi» àti àwọn ọmọ tí ogun fi sílẹ̀

Orin tí John àti ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin fi ṣí apá kejì ni «Bui Doi». Ìpàdé kan ní ìlú Atlanta ni wọ́n ti kọ ọ́, níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ọmọ tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bí sí Vietnam. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ náà ní èdè Vietnam ni bụi đời. Bụi túmọ̀ sí eruku, đời sì túmọ̀ sí ayé tàbí ìgbésí ayé. Láàárín àwọn ará Vietnam fúnra wọn, ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí ọmọ ìta àti aláìnílé, ẹnikẹ́ni tí ó wù kí baba rẹ̀ jẹ́. Eré yìí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa rò pé àwọn ọmọ tí baba wọn jẹ́ ará Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 1987, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí ó gba àwọn ọmọ wọ̀nyí àti ẹbí wọn láàyè láti wá máa gbé ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ tí ó lé ní 20,000 ni wọ́n tipasẹ̀ rẹ̀ kúrò ní Vietnam. Nígbà tí àwo náà jáde ní 1990, ètò yìí ń lọ lọ́wọ́. Ohun tí orin náà ń bẹ̀bẹ̀ fún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà.

Èdè Vietnam nínú àwo náà

Èdè olóhùn ni èdè Vietnam, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe jẹ́. Bí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni ma, má àti mạ ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta ní èdè Vietnam: iwin, ìyá ní ẹnu àwọn ará gúúsù, àti irúgbìn ìrẹsì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ohùn mẹ́fà ni àwọn ará àríwá ń lò. Àwọn ará Saigon ń lo márùn-ún. Ẹni tí ó mọ Yorùbá kà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ohun kan. Àmì abẹ́ lẹ́tà tí a ń rí nínú bụi kì í ṣe irú èyí tí ó wà nínú ẹ àti ọ. Ní Yorùbá, ó ń fi irú fáwẹ́lì hàn. Ní èdè Vietnam, ohùn ni ó ń fi hàn. Đ àti d pẹ̀lú kì í ṣe lẹ́tà kan náà. Nígbà tí àkọlé orin náà di «Bui Doi» lásán, gbogbo àmì wọ̀nyí ti bọ́ sílẹ̀.

Ohun tí ó tún burú ju ìyẹn ni orin ìgbéyàwó tí àwọn obìnrin ilé ọtí kọ fún Kim àti Chris. Nínú eré àkọ́kọ́, àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ kì í ṣe èdè Vietnam. Sílébù tí kò ní ìtumọ̀ ni wọ́n, tí wọ́n ṣẹ̀dá kí wọ́n lè jọ èdè náà létí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ibi tí eré náà ti gbìyànjú láti fi àṣà àwọn ará Vietnam hàn gan-an ni ó ti fi èdè wọn du wọ́n. Nínú àwọn ìgbékalẹ̀ ọ̀rúndún 21, wọ́n fi ojúlówó ọ̀rọ̀ Vietnam rọ́pò wọn. Àmọ́ àwọn àgbà ní ẹyin lohùn: ohun tí àwo àkọ́kọ́ ti gbé jáde kò ṣeé kó padà. Ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn òǹkọ̀wé ní ọdún 1989 ṣe rò pé àwọn olùgbọ́ wọn yóò jẹ́: ènìyàn tí kò ní mọ ìyàtọ̀.

Àríyànjiyàn lórí ipa Engineer

Nínú eré náà, ìyá Engineer jẹ́ ará Vietnam, baba rẹ̀ sì jẹ́ ará Faransé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Pryce, tí ó jẹ́ aláwọ̀ funfun, lo ohun ìṣaralóge àti ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú kí ó lè jọ ará Éṣíà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé eré náà lọ sí New York, àwọn òṣèré Amẹ́ríkà tí wọ́n ní orírun ní Éṣíà fi ẹ̀hónú hàn. Wọ́n ní ipa ńlá fún àwọn ènìyàn wọn kò wọ́pọ̀, èyí tí ó sì wà ni wọ́n tún gbé fún ẹlòmíràn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990, Actors' Equity, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré ní Amẹ́ríkà, kọ̀ láti gba Pryce láàyè. Mackintosh fagi lé eré náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì tí ó lé ní mílíọ̀nù 20 dọ́là ni wọ́n ti tà sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ náà fi yí ìpinnu rẹ̀ padà, Pryce sì ṣe eré náà ní Broadway láìlo ohun ìpéǹpéjú mọ́. Ẹni tí ń gbọ́ àwo kò lè rí ojú Pryce. Síbẹ̀, ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, ìbéèrè tí ẹ̀hónú náà gbé dìde sì ń bá a rìn: ta ni ó yẹ kí ó sọ ìtàn ta?

Àwọn ìgbàsílẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e

Ní ọdún 1995, ìgbàsílẹ̀ mìíràn jáde tí ó ní gbogbo orin inú eré náà láìgé èyíkéyìí kúrò. Joanna Ampil ni Kim nínú rẹ̀, Kevin Gray ni Engineer, Peter Cousens ni Chris, Ruthie Henshall ni Ellen, Hinton Battle sì ni John. Battle ti gba ẹ̀bùn Tony fún ipa John ní Broadway.

Ní ọdún 2014, nígbà tí wọ́n tún eré náà gbé kalẹ̀ ní gbọ̀ngàn Prince Edward ní Lọ́ńdọ̀nù, ojú agbo ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Eva Noblezada ni Kim, Alistair Brammer ni Chris, Jon Jon Briones sì ni Engineer. Briones, tí ó wá láti Philippines, ti wà lára ẹgbẹ́ akọrin nínú eré ọdún 1989.

Ẹni tí ó bá fi àwọn ìgbàsílẹ̀ wọ̀nyí wé ara wọn yóò rí i pé ipa Ellen ni ó fún àwọn òǹkọ̀wé ní wàhálà jù lọ. Orin tí ó ń kọ lẹ́yìn tí ó bá Kim pàdé jẹ́ «Her or Me» ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1989. Ó ti di «Now That I've Seen Her» nínú ìgbàsílẹ̀ ọdún 1995. Ní 2014, wọ́n fi orin tuntun, «Maybe», rọ́pò rẹ̀. Láti àkọlé kìíní sí ìkẹta, ọ̀rọ̀ Ellen kúrò ní ìjà láàárín obìnrin méjì, ó di iyèméjì obìnrin tí kò mọ ohun tí ó tọ́ láti ṣe.

Ipò rẹ̀ lónìí

Àwọn alárìíwísí ṣì ń ta ko eré náà. Wọ́n ní ó fi obìnrin Éṣíà hàn bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fẹ́ ọkùnrin aláwọ̀ funfun kí ó sì kú nítorí rẹ̀. Ní ọdún 2019, Viet Thanh Nguyen, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Vietnam, kọ̀wé nínú New York Times láti sọ irú èrò bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn òṣèré láti Philippines, rí i bí ilẹ̀kùn tí ó ṣí fún wọn sí orí ìtàgé àgbáyé. Èrò méjèèjì ní ẹ̀rí nínú àwo ọdún 1990: ohùn Salonga fi hàn ohun tí òṣèré Éṣíà lè ṣe nígbà tí wọ́n bá fún un ní ipa pàtàkì, orin ìgbéyàwó sì fi hàn bí wọ́n ṣe ka èdè àwọn tí ìtàn náà jẹ́ tiwọn sí.

Nígbà tí gbọ̀ngàn Crucible ní ìlú Sheffield ṣe eré náà ní ọdún 2023, obìnrin ni ó ṣe Engineer fún ìgbà yìí. Joanna Ampil ni, ẹni tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ti Kim nínú ìgbàsílẹ̀ ọdún 1995.